Ìdí tí wọ́n fi ń kó gọ́tà kí wọ́n tó dí kòtò ojú títì
Ẹ béèrè ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi ń kó pàǹtí inú gọ́tà nígbà tó jẹ́ pé kòtò ló kún ojú títì. Omi gan-an ni ọ̀tá títì. Bí gọ́tà bá dí, omi á gba ibi tí ojú títì ti sán wọlé, á sì sọ ilẹ̀ abẹ́ ọ̀dà di rírọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ṣe ń gorí rẹ̀ ni yóò máa jìn. Ọ̀dà tí wọ́n bá dà sínú kòtò tó ṣì lómi kì í pẹ́ ṣí. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á gé etí kòtò náà títí yóò fi kan ibi tó le, á gbá erùpẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, á fi ọ̀dà ṣíṣàn kun ìdí àti etí rẹ̀, kó tó da ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lójú tèmi, dídí ibi tó sán kó tó di kòtò ló ṣe pàtàkì jù, ó sì dín owó kù, àmọ́ ojú ará ìlú kì í sábà tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.