Ẹsẹ̀ ìyá mi wú, fídíò ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́: ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 64, amlodipine àti lisinopril ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Láìpẹ́ yìí ọrùn ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n wá rí fídíò kan lórí TikTok tó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́, ni wọ́n bá pa oògùn tì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlọrin fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa mu omi lítà mẹ́rin lójúmọ́. Àǹtí wa ní rárá, omi púpọ̀ kò dáa fún àgbà, áyù àti ìṣápá ni kí wọ́n máa mu, kí wọ́n sì fi iyọ̀ pupa Himalaya rọ́pò iyọ̀ ọjà. Èwo ni ká tẹ̀lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Kí a tó dé orí fídíò, ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá lónìí, yálà ní ọsibítù tàbí ní kẹ́míìsì tó sún mọ́ yín. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti dé 140/90, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru padà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn gbọ́ kíá. Tó bá dé 180/120, tàbí tí ẹnu wọn bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé kọ̀ láti gbéra, tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.

Lójú tèmi, ẹsẹ̀ tó wú yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Nílẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ àgbà bá ti wú, kíndìnrín ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ. Ẹni tó ṣe fídíò sọ ohun tó ti wà lọ́kàn Màmá tẹ́lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi wọ̀ wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀, amlodipine fúnra rẹ̀ máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Ó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké là sí i, omi díẹ̀ á wá yọ́ sínú ẹran ara, ìsàlẹ̀ ni omi náà sì máa ń wọ́ sí, pàápàá nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́. Ìyẹn kì í ṣe kíndìnrín tó bàjẹ́. Dókítà lè dín in kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ nítorí pé àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín náà lè mú ẹsẹ̀ wú, ẹ má fi ojú lásán dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Lisinopril tí Màmá pa tì yẹn, àwọn dókítà a máa dìídì kọ ọ́ fún àwọn alátọ̀gbẹ tí ìtọ̀ wọn ti ní pòrótíìnì, kó lè dáàbò bo kíndìnrín. Wọ́n kàn máa ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ọ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi Màmá léèrè ni pé kí ni wọ́n ń lò fún orúnkún dídùn. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà lọ́wọ́ ara wa, tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ pẹ̀lú lisinopril, wọ́n lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá gidi. Fídíò tó dẹ́rù bà wọ́n lè má dárúkọ wọn rárá.

Ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ jẹ́ ohun mìíràn tí lisinopril máa ń fà. Ẹ sọ fún dókítà, àwọn oògùn mìíràn wà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ní kí wọ́n dá a dúró láìdúró de dókítà ni tí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Ní ti omi, ẹ̀gbọ́n yín àti àǹtí yín lè jàre àwọn méjèèjì. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn nílò omi púpọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè lé omi jáde mọ́, lítà mẹ́rin lè mú kó máa mí gúlegúle lóru. Bí ìmọ̀ràn ṣe máa ń ta kora lórí ayélujára nìyí: ara ẹlòmíràn ni oníkálukú ń sọ. Ẹni tó mọ̀ bí kíndìnrín Màmá ṣe rí nìkan ló lè sọ iye omi tó tọ́ sí wọn.

Iyọ̀ pupa, iyọ̀ náà ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru náà ló wà nínú ti ọjà, ti ọjà sì ní áyódìn tí ìjọba ní kí wọ́n fi sí i nítorí gẹ̀gẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Mágí wà nínú ìṣirò yẹn o, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti rí ìdílé tó lé iyọ̀ kúrò nílé, tí wọ́n wá ń fi mágí mẹ́rin se ọbẹ̀ ìkòkò kékeré. Ẹ sì ṣọ́ra fún iyọ̀ oní-pọtásíọ̀mù tí wọ́n ń polówó: pẹ̀lú lisinopril, pọtásíọ̀mù lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ débi tó lè da ọkàn rú.

Mi ò bá ìṣápá jà. Ìwádìí fi hàn pé omi rẹ̀ ń mú ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀, ife kan tí kò ní ṣúgà kò burú bí ẹ bá ti sọ fún dókítà. Áyù inú ọbẹ̀ náà dáa. Pé kí wọ́n wá rọ́pò oògùn ni mi ò gbà. Tí wọ́n bá ta àgbo inú ike fún yín, ẹ má rò pé nọ́ńbà NAFDAC ti jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn. Ẹ ka ara rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò.

Tí fídíò tuntun bá tún wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ohun tó ní kí n dá dúró. Ẹni tó ní kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ, kò sí ewu. Ẹni tó ní kí ẹ ju oògùn dókítà nù, tó sì ní nọ́ńbà tí ẹ máa pè láti ra tirẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ káàkiri pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ ká sì mu ún. Àwọn èèyàn dèrò ọsibítù, wọ́n ròyìn pé àwọn kan kú. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ló fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ Kwárà wa níbí wà lákọsílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi àgbègbè Afọ̀n, níbi tí ètò adójútòfò ìlera ti wọlé, wé Àjàṣẹ́-Ìpo tí kò tíì sí níbẹ̀. Ìfúnpá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru wálẹ̀ níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Afọ̀n wálẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ìtọ́jú tó péye tí owó kò dí lọ́nà ló ṣe é. Tí owó oògùn bá wà lára ohun tó ń ni Màmá lára, tí wọn ò sì fẹ́ sọ, ẹ béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera Kwárà.

Ẹ má bá Màmá jà, ẹ má sì bú ẹni tó fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ tí wọ́n rí pé ó wú, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́. Ẹ kó oògùn, àgbo, oògùn orúnkún àti iyọ̀ pupa náà sínú báàgì kan, kí ẹ bá wọn lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn ròyìn ẹsẹ̀ wọn.