Kí ló ń fa ìrora oríkèé àgbọ̀n, kí la sì lè ṣe sí i?

Oríkèé tí ó lè máa dún "kọ́" níwájú etí yín nígbà tí ẹ bá ń yán ni ó so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ agbárí. Ohun pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rí. Bí ó bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tàbí bí ìpayínkeke lójú oorun bá mú kí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ le, ìrora lè bẹ̀rẹ̀. Ìró náà nìkan, láìsí ìrora, kì í sábà nílò ìtọ́jú.

Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì yẹra fún pọ̀nmọ́ líle àti egungun ẹran fún ìgbà díẹ̀. Làfún àti ewédú wa ní Abẹ́òkúta rọrùn fún ẹnu lásìkò yìí. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí ètè pa dé, ṣùgbọ́n kí eyín òkè má ṣe kan ti ìsàlẹ̀, àfi nígbà tí ẹ bá ń jẹun.

Bí ẹnu kò bá ṣí dáadáa, ẹ lọ rí dókítà eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, ní Abẹ́òkúta. Bí ìrora àyà àti òógùn bá bá ìrora àgbọ̀n náà rìn, ọkàn ló lè jẹ́. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.