Ẹ má kọ́ ọmọ yín ní ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ṣé kí ọmọ yín dáhùn "rárá" sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í lọ́la ní probation, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọmọ tó bá rú òfin, kí wọ́n má baà kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn ní Houston níbí. Ojú mi rí màbo.

Ọmọ ọdún 15 ni tèmi nígbà náà, ìjà iléèwé ló gbé e débẹ̀. Nínú mọ́tò ni mo ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé wa kò kan òyìnbó. Ìbéèrè 52 ló wà nínú MAYSI-2, ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-tàbí-rárá tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọkàn ọmọ ń dààmú. Ó tẹ "rárá" láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kò sí ìṣòro, inú mi dùn!

Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kì í sùn ni. Láago mẹ́ta òru, màá gbọ́ tó ṣí fíríìjì, kò ní mú nǹkan kan, á tún pa á dé. Ìyá rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tó kú. Èmi ń pè é ní ọ̀lẹ, ọ̀fíísà probation rẹ̀ ń kọ ọ́ pé aláìgbọràn ni, torí kì í dé lásìkò tí wọ́n bá fún un. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ ni mo ti rí i tó kọ ọ́ pé ó wu òun kí òun lọ bá màámi.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀fíísà. Wọ́n tún bi í ní ìbéèrè MAYSI-2 yẹn, wọ́n ní kí n jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pe onímọ̀ ìlera ọpọlọ.

MAYSI-2 kò pe ẹnikẹ́ni ní wèrè o. Ó kàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ọmọ yìí dáadáa ni. Ìwé ìbéèrè tó ń wo bóyá ọmọ tún lè dá ọ̀ràn yàtọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní PACT ni wọ́n lò fún tèmi, ó ń béèrè nípa ọ̀rẹ́, iléèwé, ilé, ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ gan-an, ẹ bi lọ́yà yín lálẹ́ òní ohun tó yẹ kó sọ àti ẹni tó máa rí ìdáhùn rẹ̀.

Tí wọ́n bá pè é wọlé lọ́la, ẹ̀yin ẹ jókòó síta.