Ààrò onígi àti páìpù èéfín: ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mọ ààrò onígi tó ní páìpù èéfín sí ilé ìdáná mi. Páànù ló wà lórí rẹ̀, pákó ni àjà rẹ̀. Bíríkìlà ní kí n ra páìpù rọ́bà, pé owó pọ́ọ́kú ni. Ṣé ó lè dúró? (Ìyá Ìbejì, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á, mà. Páìpù rọ́bà á ti rọ̀ kí omi àmàlà yín tó hó. Irin dúdú ni kí ẹ rà, kí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n fi síǹkì pa lára kò dáa nítòsí iná: bó bá gbóná jù, síǹkì á di èéfín, ẹni tó bá sì fà á símú lè ní ibà.

Ibi tí páìpù bá ti gba àjà kọjá ló ń jó ilé. Iná kì í dédé ràn níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ooru ń yan pákó yẹn, títí yóò fi gbẹ débi pé ooru tí kò tó nǹkan á mú un gbiná. Nítorí náà, ẹ gé ihò àjà náà fẹ̀, kí àyè tó wà láàárín páìpù àti pákó tàbí igi òrùlé tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ páìpù, ìyẹn 30 sẹ̀ǹtímítà yípo. Páànù pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi bo ihò ọ̀hún. Ẹ má ki fóòmù tàbí àkísà bọ̀ ọ́. Kí orí páìpù fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga ju góńgó òrùlé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á máa dá èéfín padà sí yín lójú. Ẹ dé e ní fìlà páànù nítorí òjò.

Bíríkì amọ̀ sísun ni kí ẹ fi mọ ihò iná, amọ̀ àti iyanrìn ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì á fọ́ wẹ́wẹ́ nínú iná. Òkúta odò lè bú gbàmù, torí omi tó há sínú rẹ̀. Ihò náà kò gbọdọ̀ ju 12 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró. Láti ilẹ̀ iná dé ìdí ìkòkò, nǹkan bí 35. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ pín ẹnu rẹ̀ sí méjì, igi lókè, afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Irin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, tí wọ́n á wá máa bú páìpù pé kò fa èéfín. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ rì wọ ojú ààrò ṣinṣin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ó fi gbẹ lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ tó dá iná kékeré sí i. Fèrèsé kò gbọdọ̀ padé o: ẹ̀yín iná tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú gáàsì tí kò lóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Páìpù ààrò wa bú ramúramù lálẹ́, ó pọ́n. Omi la dà sí i. Ṣé a ṣe é dáadáa? (Láti Ìlá)

ÌDÁHÙN: Rárá. Èédú tí èéfín lẹ̀ mọ́ inú páìpù ló gbiná. Omi lè mú kí páìpù là, ooru omi gbígbóná rẹ̀ sì lè bó yín. Ẹ kó ọmọ jáde, ẹ fa igi yọ, ẹ fi iyanrìn tútù dí ẹnu ààrò kí afẹ́fẹ́ má wọlé mọ́, kí ẹ wá máa ṣọ́ àjà. Lóṣooṣù ni kí ẹ máa gbá inú páìpù tó ti tutù. Igi tútù ló ń fa èédú púpọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé e, bí kò bá tíì sán, kò tíì gbẹ.