Ẹ má torí báńkì sanwó láísẹ́ǹsì: orúkọ inú NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pé báńkì ti ti àkáǹtì yín, tí wọ́n ní kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ wá, tí ẹ kò sì ní láísẹ́ǹsì torí pé ẹ ò wa mọ́tò rí, tí ẹ wá ń béèrè bóyá káàdì ìdìbò á tó, mo rí ìbéèrè yín, inú sì bí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí mi nínú o. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fún èjẹ́ǹtì lówó kó bá yín ṣe láísẹ́ǹsì ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ fi láísẹ́ǹsì ṣe? Àwọn Road Safety pàápàá kì í ṣe láísẹ́ǹsì mọ́ fún ẹni tí kò bá ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fúnni. Pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? NIN. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB? NIN. Síìmù? NIN. Ibi tí ẹ ń sá fún náà ni èjẹ́ǹtì yẹn á mú yín padà sí, owó á sì ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ ò bá tíì ní NIN, ẹ lọ gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka, nọ́ńbà 11 á jáde, ó parí. Tí ẹ bá ti ní in tí ẹ gbàgbé nọ́ńbà náà, ẹ tẹ *346# lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.

Ibi tí ìyà wà ni orúkọ.

Èmi náà ò ní láísẹ́ǹsì títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. NIN mi wà, BVN mi, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dáni mọ̀, wà, káàdì ìdìbò mi wà nínú báàgì. Síbẹ̀ báńkì ní àwọn ò mọ̀ mí. Kí ló fà á? Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n sọ mí. Ní báńkì, Funmilayo ló wà. Ọmọkùnrin tó bá mi ṣe NIN ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀, ó ń fọwọ́ kan tẹ fóònù, ó ń fi ìkejì tẹ kọ̀ǹpútà. Mo pe orúkọ mi fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́." Kò yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi kí n wò ó. Fumilayo ló kọ. N kan péré ló fò.

Láti ìparí ọdún 2023 tí CBN, báńkì àpapọ̀, ti pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Mo fẹ́ san owó ọjà nígbà náà, ATM kọ̀, POS kọ̀. Mo dé báńkì, ọmọbìnrin tó wà lórí tábìlì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní, "Orúkọ yín ò bára mu, Mà." Mo ní ta wá ni mò ń jẹ́? Ó ní, "Mi ò mọ̀, Mà. Sístẹ́ẹ̀mù ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọmọ yìí máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi! Ó ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja tó bá dé ìsọ̀, ó sì máa ń bẹ̀ mí kí n bá a yọ egungun rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, kò mọ̀ mí mọ́.

Ó ní kí n lọ tún NIN ṣe. Mo dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe NIN, wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù. Mo búra dé, nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rárá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sínú ìwé tí ó ya láti inú ìwé iṣẹ́ ọmọléèwé, ó ń gbowó kí orúkọ lè wà lókè. Ẹni tó bá sanwó lónìí, tó bá dé lọ́la, ọkùnrin náà ti yí sí ìwé mìíràn. Nígbà tí mo wá wọlé, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń fi igi tayín, ó wo ìwé ìbúra mi lójú kan, ó ní kò tó, kí n lọ kéde nínú ìwé ìròyìn. Nítorí N! Mo kéde. Mo gbé e lọ sí báńkì, wọ́n ní fọ́tókọ́pì ni, ojúlówó ìwé ìròyìn ni àwọn ń fẹ́. Mo mú ojúlówó wá, wọ́n ní "hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì" á wò ó. Ta ni hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì? Ẹnì kankan ò lè dárúkọ rẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, owó tèmi ni, inú àkáǹtì tèmi ló wà, àwọn oníbàárà sì ń fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó ń wọlé, kì í jáde.

Nítorí náà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ kó gbogbo ìwé yín jọ sórí bẹ́ẹ̀dì: NIN, BVN, káàdì ìdìbò, ìwé ẹ̀rí iléèwé, ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹ wo orúkọ lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣọlá lè jẹ́ Sola lórí BVN kó sì di Shola lórí káàdì ìdìbò. Ẹ wo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé yín, òun ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì fa ìyókù wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ NIN ni kò bá ìyókù mu, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má ṣe tún NIN àti BVN ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kan á máa dúró de èkejì. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti lọ́kọ, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó dání, ẹ pinnu bóyá orúkọ bàbá ni tàbí ti ọkọ, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ní báyìí, èèyàn lè tún orúkọ ṣe fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, láì tò sórí ìlà. Inú ìkànnì yẹn ni ẹ ti máa sanwó, kì í ṣe àkáǹtì ẹni kankan. Ọjọ́ ìbí ló le jù. Wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ sí ₦28,574 lọ́dún 2025, wọ́n á sì béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. Tí ọjọ́ ìbí yín bá bára mu, ẹ dúpẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń ta ìwé ìbúra lábẹ́ agboòrùn níta kóòtù, ẹ kọjá wọn. Wọ́n á kọ ọ́ dáadáa, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ náà kì í ṣe ti kóòtù. Ẹ wọ inú ọgbà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Síìmù tí ẹ fi ṣe NIN, ẹ má jẹ́ kó kú, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà ìjẹ́rìí ránṣẹ́ sí. Ẹ má sì fi fọ́tò sílípù NIN yín sórí WhatsApp fún ẹni tó ní òun fẹ́ bá yín "ṣí i kíá".

Tí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ tètè mú un lọ. Ìyá mi ti ń din gàrí láti kékeré, iná ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kàn ń kọ̀ ọ́ ni. Omi gbígbóná díẹ̀ àti òrí tí a fi ra ìka rẹ̀ tí a sì nù dáadáa ló jẹ́ kí ó gbà níkẹyìn. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti ń sọ pé kí ó máa lọ ilé.

Hẹn, káàdì ìdìbò ni ẹ béèrè gan-an. Báńkì ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró ní ipò NIN àti BVN, ẹ mú un dání pẹ̀lú wọn. Tí ẹ ò bá sì tíì ní in, ẹ má dúró dè é, torí INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa kí ìbò tó dé. Ẹ lọ sí báńkì ní àárọ̀ kùtù, ní àárín ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ ní ìparí oṣù. Tí wọ́n bá ní dandan láísẹ́ǹsì ni àwọn ń fẹ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Wọn ò ní kọ ọ́.