Láptọ́ọ̀pù tó ń dákú lójijì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira. Ẹ ní láptọ́ọ̀pù yín ń dákú lójijì, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ráàmù, ìyẹn pátákó kékeré tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti tún Windows ṣe sí lẹ́ẹ̀mejì, tí ojú rẹ̀ ṣì ń di búlúù, ó ṣeé ṣe kí àìsàn rẹ̀ kọjá Windows.

Bó bá jẹ́ ráàmù méjì tó ṣeé yọ ló wà nínú ẹ̀:

1. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì.
2. Ẹ yọ ráàmù kan, ẹ lo ìkejì nìkan. Tó bá yá, ẹ pààrọ̀ wọn, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ń fa ìdákú.
3. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń yẹ ráàmù wò, sórí fílááṣì, kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe kan péré ti tó ẹ̀rí.

Ẹsẹ̀ wúrà ráàmù tèmi, ibi tó ń wọ inú ihò rẹ̀ lára ẹ̀rọ, ti dúdú ni. Írésà ọmọ iléèwé ni mo fi nù ún. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ń ṣe dáadáa nínú ihò kan, tí wọ́n ń kọ̀ nínú ìkejì, ihò kejì yẹn ló bàjẹ́. Ẹ má ra ráàmù tuntun.