Kí ló dé tí wọ́n fi ń wẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀? Ìtumọ̀ “yu” nílé àlejò etí òkun ní Atami

Ìbéèrè tí arábìnrin kan fi ránṣẹ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí ilẹ̀ Japan lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti bá wa gba yàrá fún òru kan nílé àlejò ìbílẹ̀ kan létí òkun ní Atami, èyí tí wọ́n ń pè ní ryokan. Ẹni tó bá wa ṣètò rẹ̀ ní ìhòòhò la máa wọnú omi gbígbóná náà, pé àwa àtàwọn tá ò mọ̀ rí la jọ máa wà níbẹ̀, àti pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀ ká tó wẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kò yé mi. Tí mo bá ti wẹ̀ tán, kí ni mo tún ń wá nínú omi? Àbí ẹ̀sìn ni? Ọkọ mi ya tátù sápá, èmi náà á sì ti di irun mi kí n tó lọ. Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?”

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Ẹni tí wíwẹ̀ kó tó wẹ̀ bá yé, ìyókù ò ní ṣòro fún un.

Ẹ jẹ́ ká tinú èdè wọn mú un. Lọ́dọ̀ tiwa, omi lomi ń jẹ́, ìbáà tutù, ìbáà gbóná. Àwọn ará Japan ò pè é bẹ́ẹ̀. Omi tútù ń jẹ́ mizu. Tó bá ti gbóná, orúkọ rẹ̀ yí padà pátápátá, ó di yu. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ kékeré yìí pàdé níbi gbogbo. Òun ni wọ́n sábà máa ń kọ sára aṣọ tó rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yukata, aṣọ òwú fúyẹ́ tẹ́ ẹ máa bá nínú yàrá yín, torí láyé àtijọ́ aṣọ tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ni. Òun náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní tōji, ìyẹn ni pé kéèyàn fi yu tọ́jú ara. Àgbẹ̀ tó ti kórè tán á di ìrẹsì àti ìkòkò rẹ̀, á lọ síbi ìsun omi gbígbóná, á sì lo ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, kí eegun tó ti ń ro ó látìgbà ìgbìn lè rọlẹ̀. Oògùn ni omi náà. Ta ló máa ń gbé ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọnú ìkòkò àgbo?

Atami fúnra rẹ̀, “òkun gbígbóná” ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ìtàn ìlú wọn sọ pé inú òkun ni omi gbígbóná ti ń hó jáde nígbà kan, tó ń pa ẹja, tí ọwọ́ àwọn apẹja sì ń ṣófo. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Mangan gbàdúrà, ìsun náà bá ṣí wá sórí ilẹ̀. Lọ́dún 1604, ọdún kan lẹ́yìn tí Tokugawa Ieyasu di shogun, olórí ogun tí gbogbo ilẹ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó wá lo ọjọ́ méje ní Atami nítorí omi yìí. Àwọn shogun tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró kí àyè yọ kí wọ́n tó wá. Wọ́n ní kí wọ́n máa pọn ọ́n sínú àgbá igi, kí wọ́n sì rù ú dé Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún un nìyẹn.

Onsen lẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é: on ni lílọ́ wọ́ọ́rọ́, sen ni ìsun. Òfin tí ìjọba wọn ṣe lọ́dún 1948 ló sọ omi tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ó ní láti ti abẹ́ ilẹ̀ wá, kí ooru rẹ̀ sì tó ìwọ̀n 25 lórí Celsius níbi tó ti ń tú jáde, tàbí kí ọ̀kan nínú èròjà 19 tí òfin náà kà sílẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, omi tí wọ́n bù lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n sì sè, kódà kó máa hó, kì í ṣe onsen.

Ní ti wíwẹ̀ kẹ́ ẹ tó wẹ̀, ohun tí mo fojú ara mi rí ni kí n sọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ irú ilé ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, màmá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó lórí àpótí onígi tí kò ga ju èyí tí à ń jókòó lé nídìí ààrò. Ó fi ọṣẹ para, ó fọ abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá. Ó da omi sára títí kò fi ku ìfófòó kankan. Mo rò pé ó ti ṣe tán. Ó tún bu omi, ó dà á sórí àpótí tó jókòó lé, ó dà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dojú igbá ìbumi dé sórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rọra rìn lọ síbi adágún. Kò sẹ́ni tó ń dúró de àpótí náà. Ẹni tí kò tíì dé ló fọ̀ ọ́ dè.

Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn, arábìnrin mi. Ìdọ̀tí ara mi, tèmi ni, kí n bójú tó o ní kọ̀rọ̀ tèmi. Omi yẹn, ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi tiẹ̀ bà á jẹ́. Ìdí rèé tí wọn kì í fẹ́ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì-Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, mọ̀ pé aṣọ là ń wọ̀ sínú adágún tiwa. Ní Atami, aṣọ ni wọ́n ń kà sí ìdọ̀tí, torí kò sẹ́ni tó mọ ọṣẹ tàbí eruku tó wà lára rẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé hadaka no tsukiai, ìbárẹ́ oníhòòhò: ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ á jókòó sínú omi kan náà, kò sí agbádá, kò sí oyè. Kò sẹ́ni tó máa wò yín. Ọkùnrin ní tiwọn, obìnrin ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ ilé àlejò máa ń pààrọ̀ ibi ìwẹ̀ méjèèjì lóru, kí gbogbo àlejò lè tọ́ méjèèjì wò. Ibi tẹ́ ẹ wọ̀ lálẹ́ lè ti di ti ọkùnrin láàárọ̀, torí náà ẹ ka ohun tó wà lára aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Ṣé ẹ̀sìn ni? Rárá. Lóòótọ́, wọ́n máa ń fọwọ́, wọ́n sì ń fi omi yọ ẹnu kí wọ́n tó wọ ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, ẹ sì ti gbọ́ ìtàn àlùfáà Atami. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ bọ ohunkóhun. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí.

Omi tó wà nítòsí òkun sábà máa ń níyọ̀. Iyọ̀ náà á bo ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní jẹ́ kí ooru tètè jáde. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ má fi omi lásán ṣan ara mọ́ àyàfi tó bá ń yún yín. Omi náà gbóná o, ó máa ń tó ìwọ̀n 40 sí 42, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bù ú sẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mutí.

Tẹ́ ẹ bá ń wọ yukata, apá òsì ni kó wà lórí apá ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yí èyí padà, torí òkú ni wọ́n ń wọṣọ fún tí apá ọ̀tún fi máa ń wà lókè. Oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ sábà máa ń wà nínú owó tẹ́ ẹ san, ó sì ní àkókò, ẹ má pẹ́. Ẹ bọ́ sálúbàtà kẹ́ ẹ tó tẹ ẹní inú yàrá. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n lè wọlé wá tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ fún yín.

Ó ku ti tátù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ò gbà á, torí àmì ẹgbẹ́ ọ̀daràn yakuza ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí tipẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Àwọn kan á ní kó fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ bò, àwọn mìíràn ní adágún kékeré tí tọkọtaya lè gbà fún wákàtí kan. Ní ti irun yín, ẹ ká a sórí, kẹ́ ẹ fi aṣọ ìnura kékeré tí wọ́n bá fún yín wé e bíi gèlè. Orí gan-an ló yẹ kí aṣọ náà wà, torí òun náà ò gbọ́dọ̀ kan omi.